M3 E46 mi ti rin máìlì 148,000: ṣé kí n tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì pààrọ̀ bíárìn ni, àbí kí n gbé ẹ́ńjìnnì míì?

Akin_SE15

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Peckham ní London ni mo ń gbé, BMW M3 E46 ti 2002 ni mo ń wà, manual ni kì í ṣe ọ́tò. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo rà á 96,000 máìlì ló wà lójú ẹ̀, ó ti di 148,000 báyìí torí mo máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo sì ti gbé e dé Scotland lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n tà á. Fọ́tò ọkọ̀ yìí ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Ábẹ́òkúta, mi ò ní tà á.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Láti bí oṣù mẹ́ta ni iwájú ẹ́ńjìnnì ti ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ tí mo bá tan án sílẹ̀ láìtẹná, àfi bíi pé èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì tó wá ń mì ín. Tí mo bá tẹná dé 2,000 lójú aago ìyára ẹ́ńjìnnì, ariwo yẹn á lọ. Ìkejì, kò lágbára nísàlẹ̀ mọ́, àfi tó bá kọjá 4,000 kó tó já. Ìkẹta, nígbà tí mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì mo fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù, wọ́n ní òjé tó wà nínú ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta ti ọdún tó kọjá, bàbà náà ti gbéra.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n, sílíńdà márùn-ún wà ní nǹkan bíi 12.5 bar, nọ́ḿbà 4 nìkan ló wà ní 9. Kò tún un wò lẹ́ẹ̀kejì o, ó kàn ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí n mú £6,500 wá kóun bá mi wá òmíràn lára ọkọ̀ tó ti ní àsídẹ́ǹtì. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, owó yẹn wúwo. Ẹni tó bá ti tú S54, ẹ́ńjìnnì inú M3 yìí, rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáSpánà_Ìbàdàn

Àbúrò, kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Má tíì fún ẹnikẹ́ni ní £6,500. Ó ti lé lọ́dún 25 tí mo ti ń tú BMW àti Benz, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé àìsàn mẹ́ta ni wọ́n kó sínú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n wá ń pè é ní ikú. Jẹ́ ká kó wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ iwájú yẹn, VANOS ni mo fura sí. Òun ló ń yí kámù kí fáàfù lè tètè ṣí tàbí kó pẹ́ ṣí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí, ọ́ìlì tí wọ́n fún pọ̀ dé nǹkan bíi 100 bar ló sì ń bá ṣiṣẹ́ nínú S54. Rọ́bà inú ẹ̀ máa ń le tó bá pẹ́, kò ní lè di ọ́ìlì mú mọ́, ibi agbára ìsàlẹ̀ lo ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́. Dísìkì kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì VANOS, etí irin méjì lára kámù tí èéfín (èyí tó ń ṣí fáàfù èéfín) ló ń wọ inú ihò ẹ̀. Ihò yẹn fẹ̀ ju etí irin lọ díẹ̀, wọ́n á máa gbá ara wọn, gbì gbì gbì, fún ọdún púpọ̀, títí etí irin á fi kán. Rántí ọ̀rọ̀ yìí o, torí tó bá kán, inú ẹ́ńjìnnì ló ń já sí.

Nọ́ḿbà 4 tó wà ní 9 yẹn, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá kò pọ̀. Bóyá rìǹgì písítínì ló ti jẹ, bóyá fáàfù ni kò pa dé, bóyá gáskẹ́ẹ̀tì òkè ló ti jó. Ṣíbí ọ́ìlì kan ló máa sọ fún ẹ: da á sínú sílíńdà yẹn láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì, kó o tún un wọ̀n. Tí nọ́ḿbà bá gòkè, rìǹgì ni. Tí kò bá gòkè, fáàfù ni kó o máa fura sí. Lẹ́yìn ìyẹn kó o gba ẹ̀rọ leak-down lọ́wọ́ ẹnìkan, fi afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà nígbà tí gbogbo fáàfù ẹ̀ wà ní pípa, kó o wá fi etí sílẹ̀. Tó bá ń fẹ́ síìì lójú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, rìǹgì. Tó bá jẹ́ nídìí páìpù èéfín lẹ́yìn, fáàfù èéfín. Ó gba wákàtí kan péré, kò ná ẹ lówó.

Òjé àti bàbà, bíárìn kọnrọ́ọ̀dì nìyẹn, ọ̀pá tó so písítínì mọ́ kráńkì tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Èyí ò ṣeé fi ṣeré o.

Ọlá_Ladipo

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Spánà, mo gbà fún yín ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọjà Ladipo ní Èkó ni mo ti ń ta páàtì ọkọ̀, mo máa ń rí àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó bí èyí. Wọ́n á pààrọ̀ bíárìn lónìí, oṣù tó ń bọ̀ rìǹgì, oṣù kẹta ṣéènì, owó tí wọ́n máa ná ní díẹ̀díẹ̀ á ju ti Belgium tó dáa lọ. Bọ̀dá Akin, tí ẹ bá rí ẹ́ńjìnnì tí máìlì ẹ̀ kò tíì pé 80,000 tó sì ní ìwé, ẹ gbé e, ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ sílé, ẹ máa tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù.

Akin_SE15

Ọlá o ṣé. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ẹni tó fẹ́ tà á fún mi kò ní gbà kí n ṣí sọ́ḿpù ẹ̀ (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) wò kí n tó sanwó. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé bíárìn tòun náà kò tíì jẹ?

Tèmi_Houston

Akin, o ò ní mọ̀, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ó ṣì ń dùn mí.

2003 ni M3 tèmi, Houston níbí ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ẹnìkan tó ní gbogbo ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lára ẹ̀. Ó rin 118,000, kò dún, kò mu ọ́ìlì, ó ń sáré bí ẹṣin. Àwọn èèyàn sọ fún mi pé kí n pààrọ̀ bíárìn, mo ní kí ló dé tí màá fi ṣí ohun tí kò bà jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo ń bọ̀ láti Katy lórí I-10, mo gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, ohùn tó jinlẹ̀, kò dà bíi ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ rárá, ó ń bá ìyára ẹ́ńjìnnì lọ. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, mo gbé e sórí towing. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n bá? Bíárìn nọ́ḿbà 5 ti yí po nínú ihò ẹ̀, ó ti ha kráńkì débi tí èèyàn lè fi èékánná ka ilà tó wà lára ẹ̀. Kráńkì lọ, kọnrọ́ọ̀dì kan lọ. Ohun tó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì wá di iṣẹ́ oṣù márùn-ún.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé bíárìn yìí kì í fúnni ní àmì. Ìgbà tí etí bá gbọ́ ọ, kráńkì ti fara gbá. BMW fúnra wọn pe àwọn M3 tí wọ́n ṣe láàárín 2001 sí 2003 padà nígbà yẹn kí wọ́n lè bá wọn pààrọ̀ bíárìn kọnrọ́ọ̀dì, nítorí náà kì í ṣe àhesọ àwọn tó fẹ́ ta páàtì. Ọkọ̀ tìẹ wà nínú ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ṣe é ní ìgbà tó wà ní 20,000 ni àbí 60,000? Ṣe ìṣirò ẹ̀.

Kọ́lá_fisiksi

Mo fẹ́ fi kún ti àǹtí Tèmi díẹ̀. Ẹ wo nǹkan tí ẹ́ńjìnnì yìí ń fojú rí. Písítínì S54 ń rìn 91 mm lọ, 91 mm bọ̀, ní gbogbo ìgbà tí kráńkì bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ó sì lè yí ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ ọ́ di pọ̀, ìyára písítínì tí ẹ máa bá pàdé ju mítà 24 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìpíndọ́gba nìyẹn o, ti àárín ọ̀nà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá dé òkè tó fẹ́ padà, kọnrọ́ọ̀dì ló ń fà á bọ̀, bíárìn tó fẹ́lẹ́ bí páálí yẹn ló sì wà láàárín kọnrọ́ọ̀dì àti kráńkì.

Ohun tó ń gbà á là ni ọ́ìlì. Irin àti irin ò gbọ́dọ̀ kan ara wọn nínú ibẹ̀ rárá, orí ọ́ìlì ni kráńkì ń léfòó lé. Tí ọ́ìlì bá fẹ́lẹ́ jù torí ooru, tàbí ó nípọn jù torí òtútù tí awakọ̀ wá tẹná mọ́ ọn kó tó gbóná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ara wọn, ibẹ̀ ni òjé tí láàbù rí ti ń wá. Ìpele rírọ̀ ló wà lókè bíárìn, bàbà ló wà lábẹ́ ẹ̀, irin ló wà lẹ́yìn pátápátá. Bàbà tó ti ń yọ nínú ọ́ìlì ẹ, kò dáa.

Gbenga_GTS

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọlé. Celica GT-S 2001 lèmi ní, Ìkòròdú ni mo wà, ó ti rin kìlómítà 260,000. Tẹ́lẹ̀ tó bá ti ju 6,000 lọ ó máa ń yí ohùn padà tí á sì fò, ní báyìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó kàn ń hó lásán. Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ písítínì àti rìǹgì. Ṣé òótọ́ ni?

BàbáSpánà_Ìbàdàn

Gbenga, má tú písítínì o! 2ZZ ni ẹ́ńjìnnì tìẹ, kámù ẹ̀ ní apá kékeré àti apá gíga, tó bá kọjá 6,000 díẹ̀ ni bóòtù ọ̀pá rocker á gba ọ́ìlì kọjá kó lè gbé apá gíga yẹn wọṣẹ́. Bóòtù wọ̀nyẹn máa ń jẹ, wọ́n sì máa ń kán nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, Toyota yí wọn padà lẹ́yìn náà. Ṣí kọ́fà òkè, tú bóòtù méjèèjì yẹn wò, kò gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Kó o tó ṣe ìyẹn gan-an, fa ìwọ̀n ọ́ìlì wò, torí tí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ apá gíga kò ní wọṣẹ́.

Gbenga_GTS

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ni màá ṣí i.

Akin_SE15

Mo ti padà dé o. Ìbátan mi kan ní Dartford ní lift méjì nínú wọ́kṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó ní kí n gbé e wá ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Spánà, ọwọ́ yín á dá o. A da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú nọ́ḿbà 4, a tún un wọ̀n, 9 ló ṣì wà, kò kúrò níbẹ̀. A wá fi afẹ́fẹ́ sí i. Ojú ibi ìdà-ọ́ìlì, kẹ́kẹ́ pa, kò sí nǹkankan. Ìbátan mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pariwo pé "Akin, ẹ̀yìn níbí ló ń fẹ́!" Fáàfù èéfín ni. Rìǹgì mi ò ṣe nǹkankan. Inú mi dùn ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún bà mí pé bóyá fáàfù ti jó, màá ní láti gbé òkè sọ̀ kalẹ̀.

BàbáSpánà_Ìbàdàn

Má gbé òkè sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ti wọn àlàfo fáàfù gbẹ̀yìn?

Akin_SE15

Mo wo gbogbo ìwé ẹ̀, 101,000 ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó ń bá mi ṣe sáfíìsì lẹ́yìn ìyẹn máa ń sọ pé òun ti wò ó, mi ò béèrè nọ́ḿbà lọ́wọ́ ẹ̀.

BàbáSpánà_Ìbàdàn

Ẹ wò ó. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní S54, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní nǹkan tó ń fi ọ́ìlì tún àlàfo fáàfù ṣe fúnra ẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ BMW yòókù. Shim (irin pẹlẹbẹ kékeré) lásán ni, èèyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ wọ̀n ọ́n, fáàfù 24 pérépéré, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Tí afẹ́fẹ́ 0.18 sí 0.23 mm, tí èéfín 0.28 sí 0.33. Fáàfù èéfín máa ń jẹ wọ inú ìjókòó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá ń jẹ wọlé àlàfo ń kéré, tí àlàfo bá tán pátápátá fáàfù ò ní lè pa dé mọ́, kọmpúrẹ́ṣọ̀n á máa sá. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n á rò pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ṣí kọ́fà òkè kó o wọ̀n gbogbo ẹ̀, kó o kọ wọ́n sínú ìwé. Tó o bá sì ti tètè bá a, kò ní tíì jó.

Akin_SE15

Ẹ̀gbọ́n!!! Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Fáàfù èéfín kan ní nọ́ḿbà 4, feeler gauge tó tín-ín-rín jù lọ lọ́wọ́ wa, 0.05, kò wọlé rárá. Èkejì ẹ̀ wà ní 0.15. Nínú àwọn yòókù, mẹ́fà ló ti há ju bó ṣe yẹ lọ. A fi kámẹ́rà kékeré wo ojú fáàfù yẹn láti inú ihò púlọ́ọ̀gì, etí ẹ̀ yípo dọ́gba, kò sí ibi tó jó. Mo ra shim mẹ́jọ, owó wọn lápapọ̀ kò ra táyà kan. A fi wọ́n sí i, a tún fi afẹ́fẹ́ sí sílíńdà 4, ìdí páìpù dákẹ́ rọ́rọ́.

Mi ò lè gbàgbé pé £6,500 ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nítorí nǹkan yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ míì ti dé. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́fà ti wà nílẹ̀ a tú VANOS. Etí irin méjì tí ẹ sọ pé ó ń wọ inú dísìkì, ọ̀kan ṣoṣo la bá. Ìkejì ti kán, a wá a káàkiri òkè, a fi mágínẹ́ẹ̀tì wá iwájú ṣéènì, a ò rí i.

Tèmi_Houston

Akin, jọ̀ọ́, má ṣe tan ọkọ̀ yẹn o. Má tan án rárá, kódà kó jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e kúrò lórí lift. Tí irin yẹn bá bọ́ sáàárín ṣéènì àti gíà ẹ̀, ṣéènì á fò, fáàfù á pàdé písítínì.

Ọlá_Ladipo

Há! Bọ̀dá Akin, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lórí ẹ́ńjìnnì yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí mo ní kẹ́ ẹ lọ rà náà lè ní irú èyí nínú, ta ló máa mọ̀. Níbí a ní hub kámù (ibi tí etí irin yẹn wà) tòkunbọ̀ fún E46 ṣùgbọ́n mi ò ní tà á fún yín láìsọ òótọ́, torí etí irin tòun náà ti ń gbá dísìkì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ra tuntun, ẹ sì ra dísìkì tí ihò ẹ̀ kò fẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò ẹ̀ kó lè bá etí irin mu. Beisan Systems ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ta rọ́bà àti dísìkì ti VANOS yìí, ẹ wo tiwọn.

BàbáSpánà_Ìbàdàn

Ọlá, mo yìn ẹ́. Oníṣòwò tó bá lè sọ báyìí, màá fẹ́ rajà lọ́wọ́ ẹ̀.

Akin, sọ́ḿpù ló máa wà. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí a ò tún ní jà mọ́ lórí pé ká ṣí ìsàlẹ̀ àbí ká má ṣí i. O máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá irin rẹ, bíárìn á sì wà lójú. Ra bíárìn méjìlá fún kọnrọ́ọ̀dì mẹ́fà, ra bóòtù kọnrọ́ọ̀dì tuntun méjìlá pẹ̀lú. Má dá bóòtù tó ti nà padà sínú ẹ́ńjìnnì tó ń yí 8,000. Ra gáskẹ́ẹ̀tì sọ́ḿpù.

Akin_SE15

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wá, torí ọwọ́ mi ṣì ń kọ́ iṣẹ́. Màá sọ ọ́ bó ṣe lọ kí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ ṣe é lè mọ̀.

A fi irin gbọọrọ kan sórí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bónẹ́ẹ̀tì, a fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sí i láti òkè, ká tó tú subframe iwájú (irin ńlá tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì) sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù nìyẹn. Bóòtù sọ́ḿpù pọ̀, àwọn kan fara pamọ́ lẹ́yìn lọ́dọ̀ gíà, a fi gíláàsì kékeré wò wọ́n. Nígbà tí sọ́ḿpù wálẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ìdọ̀tí ọ́ìlì tó kù nísàlẹ̀, mo sì kan irin kékeré kan, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Etí irin VANOS wa ni! A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti kán, ó bá a mu rẹ́gí. Ẹ ò lè mọ bí ara ṣe tù mí.

Ó wá kan bíárìn. Méjì méjì la ṣe é, torí kọnrọ́ọ̀dì 1 àti 6 ń dé ìsàlẹ̀ papọ̀, bẹ́ẹ̀ ni 2 àti 5, 3 àti 4. A yí kráńkì, a tú ìdérí, a yọ tòkè tìsàlẹ̀, a tẹ́ wọn sórí páálí tí mo ti kọ nọ́ḿbà sí kí ìdérí kan má baà lọ sórí kọnrọ́ọ̀dì ẹlòmíràn, torí ìdérí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tiẹ̀ àti ọ̀nà tó kọjú sí.

Nọ́ḿbà 1 ti gbó ṣùgbọ́n ó ṣì ní ara. 6 bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tá a tú 2, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàbà ló yọ síta pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín ti òkè. 5 tún burú jù ú lọ, àti ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Èmi tí mi ò gbọ́ ohùn kankan! Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ tó ń dún lókè yẹn ni mò ń sá fún, èyí tó fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì kò dún rárá. Àǹtí Tèmi, ẹ̀yin ni mo rántí. Mo fi èékánná fa ara kráńkì níbi nọ́ḿbà 5, ó ń yọ̀ bíi dígí, kò sí ibi tó kọ́ mi lọ́wọ́.

Kọ́lá_fisiksi

Ọpẹ́ o! Ṣé ẹ wọn àlàfo ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó dì í?

Akin_SE15

A wọ̀n ọ́n. Okùn Plastigauge la fi ṣe é, èyí tó rọ̀ bíi àbẹ́là. O máa gé díẹ̀ sórí kráńkì tó gbẹ, wàá fi ìdérí dé e, wàá dì í dé ibi tí ìwé sọ, wàá tún tú u, wàá wá fi bó ṣe fẹ̀ tó wé ìwọ̀n ara páálí ẹ̀. Bóòtù àtijọ́ ni ìbátan mi ní ká fi ṣe ìwọ̀n, kí tuntun wà fún dídì ìkẹyìn nìkan, a ò sì gbọ́dọ̀ yí kráńkì tí okùn yẹn bá wà lára ẹ̀. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà láàárín ohun tí ìwé BMW sọ.

Lẹ́yìn ẹ̀ a nù ún mọ́, a fi ọ́ìlì ìkójọpọ̀ tó nípọn pa ojú bíárìn, ẹ̀yìn ẹ̀ ní tiẹ̀ gbẹ. A fi torque wrench dì í dé ìwọ̀n àkọ́kọ́, a wá yí i ní igun tó kù. Èmi ló ń yí, ìbátan mi ló ń ka ìwé sókè, mo fi kun funfun sàmì sí orí bóòtù kọ̀ọ̀kan tá a bá ti parí. Ní gbogbo ìgbà tá a bá dì ọ̀kan tán a máa ń fọwọ́ yí kráńkì, ká mọ̀ pé kò há.

Hub tuntun, dísìkì tuntun àti rọ́bà VANOS ti wọlé náà. Irinṣẹ́ tó ń di kámù mú kí tímìn má baà yẹ̀, mo yá a lọ́wọ́ ẹnìkan ní Croydon.

BàbáSpánà_Ìbàdàn

O ti ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Kó o tó tan án: kún inú fílítà pẹ̀lú ọ́ìlì, 10W-60, gbogbo ẹ̀ jẹ́ lítà márùn-ún ààbọ̀. Yọ fíúùsì pọ́ǹpù petirólù, kó o máa yí i pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ títí iná ọ́ìlì á fi kú, kó o tó dá fíúùsì padà. Tó bá ti tan, má tẹná gidi mọ́ ọn. Ní 500 máìlì kó o da ọ́ìlì yẹn nù, gé fílítà ẹ̀ sí méjì, kó o fi mágínẹ́ẹ̀tì kan inú ẹ̀, kó o wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Gbenga_GTS

Ẹ̀yin èèyàn mi, bóòtù kan ti kán ní tòótọ́! Mo ra méjì tuntun. Àná mo gbé e lọ sí ọ̀nà Ṣàgámù ní àárọ̀ kùtù, ó kọjá 6,000 ó sì fò. Mi ò tú písítínì kankan.

Akin_SE15

Gbenga, mo bá ẹ yọ̀!

Tèmi náà ti tan. Ìgbà kẹta tá a yí i ni iná ọ́ìlì kú. A dá fíúùsì padà, ó tan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá òkè ń dún díẹ̀ bí VANOS ṣe ń kún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìbátan mi gbé etí sún mọ́ ọn, ó ní ṣé ó tan? A jẹ́ kó gbóná, a tún wọn kọmpúrẹ́ṣọ̀n, nọ́ḿbà 4 ti di 12.3.

Gbogbo owó tó jáde lọ́wọ́ mi, bíárìn, bóòtù, shim, hub, dísìkì, rọ́bà, gáskẹ́ẹ̀tì, ọ́ìlì àti oúnjẹ ìbátan mi, kò tó £1,600.

Ohun kan tí mo ti yí padà ni bí mo ṣe ń wà á. Ẹ mọ àwọn iná kéékèèké tó wà létí aago ìyára M3, tó máa ń tàn láti 4,000 sókè tí ọ́ìlì bá tutù, tó sì ń kú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná? Tẹ́lẹ̀ mi ò kà wọ́n sí. Ní báyìí títí tó kẹ́yìn fi máa kú mi ò ní kọjá 3,000.

Tèmi_Houston

Ó dùn mọ́ mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Tọ́jú bíárìn nọ́ḿbà 5 yẹn o, má jù ú nù, ya fọ́tò ẹ̀ síbí kí àwọn tó ní "kò dún, kò ṣe nǹkan" lè rí i. Kráńkì tèmi wà ní gáréèjì títí dòní.

Akin_SE15

Mo ti ya á, mo ti fi fọ́tò ẹ̀ sókè nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Máìlì 500 pé lánàá. A gé fílítà, mágínẹ́ẹ̀tì kò fa nǹkankan jáde, ọ́ìlì tó jáde ti wà lọ́nà sí láàbù.

BàbáSpánà_Ìbàdàn

Tí èsì bá dé, kọ nọ́ḿbà òjé àti bàbà síbí. Kó o sì kọ 148,000 sínú ìwé ọkọ̀ rẹ, níbi bíárìn àti níbi àlàfo fáàfù, kí ẹni tó ń bá ẹ ṣe sáfíìsì máa fi nọ́ḿbà dá ẹ lóhùn.

Akin_SE15

Mo ti kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Èsì láàbù á dé síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.